Ìkarahun ìgbín mi ń fẹ́lẹ́, ó sì ń bó: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá_Ìbejì_Òde

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà, mo ń sin ìgbín lẹ́yìnkùlé. Ìgbín ńlá tí a mọ̀ nílẹ̀ wa ni. Àpótí onígi tí mo fi nẹ́ẹ̀tì bò ni mo kó wọn sí, mo sì bu ilẹ̀ pupa sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Oúnjẹ ò wọ́n wọn. Wọ́n ń jẹ gbúre, ewé kókò, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀fọ́ tó bá ṣẹ́kù lọ́jà. Ara wọn ń tóbi, kò sí èyí tó ń kú.

Ìkarahun wọn ló ń kọ mí lóminú. Etí ẹnu rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé tí mo bá fi ìka méjì gbé ìgbín náà, á ṣẹ́. Lápá ìdí, àwọ̀ rẹ̀ ti bó, ó ti funfun báláú. Ní alẹ́, mo máa ń rí i tí wọ́n gun ara wọn, tí ọ̀kan ń fi ẹnu ha ìkarahun èkejì. Àwọn alátà tó máa ń rà á lọ́wọ́ mi ti ń yọ ọ́ sọ́tọ̀ pé ó ń fọ́ sínú àpò. Aládùúgbò mi kan ní kí n ra ẹfun kí n fi kùn ún. Ẹlòmíràn ní kí n po káún sómi fún wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ọlọ́sìn_Adìẹ

Ẹ má fún wọn ní káún o! Kí n tètè sọ ìyẹn ná, kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Sódíọ̀mù ló wà nínú káún, bíi ti iyọ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí iyọ̀ ń ṣe fún ìgbín, omi ara rẹ̀ ni yóò fà jáde títí yóò fi kú.

Àgbẹ̀_Ọ̀ṣun

Ẹ kú àmójútó, Ìyá Ìbejì. Mo fara mọ́ ohun tí Ọlọ́sìn wí. Bákan náà, ẹ má fi ohunkóhun kùn wọ́n lára. Ìgbín tó ń ha ìkarahun ẹnì kejì, kì í ṣe ìjà ló ń jà. Kálísíọ̀mù, èròjà tí ìgbín fi ń kọ́ ìkarahun, ló ń wá, ara ẹni tó sún mọ́ ọn jù lọ ló sì ti rí i. Ibi tí ẹ ti rí funfun yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé eyín wọn ló ha á dé bẹ̀.

Ohun méjì ni mo rí nínú ọ̀rọ̀ yín. Èkíní ni oúnjẹ. Gbúre àti ewé kókò dára, ìgbín sì fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní ọ́sálétì, tó máa ń so mọ́ kálísíọ̀mù nínú ikùn kí ara má lè rí i lò. Tó bá jẹ́ pé àwọn ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ wọn, ìgbín á yó, á tóbi, ṣùgbọ́n ìkarahun rẹ̀ ò ní lè bá ara rẹ̀ dọ́gba. Ẹ fi ewé ìbẹ́pẹ ṣe olórí oúnjẹ, kí àwọn tó kù máa tẹ̀lé e.

Èkejì ni ilẹ̀ pupa tí ẹ bù sínú àpótí. Ìgbín kì í fi ẹnu nìkan gba kálísíọ̀mù. Ó ń fi àtẹ́lẹ̀ ara rẹ̀ tó fi ń rìn gba díẹ̀ nínú ilẹ̀ ọ̀rinrin. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ pupa lápá ọ̀dọ̀ wa sì rèé, òjò ọdún pípẹ́ ti fọ kálísíọ̀mù rẹ̀ lọ, ilẹ̀ náà ti kan, ìyẹn ni pé ó ní ásíìdì. Nínú ilẹ̀ kíkan, ìwọ̀nba kálísíọ̀mù tí ìgbín ní pàápàá á máa yọ́ lára ìkarahun. Ìdí nìyẹn tí ibi tó ti pẹ́ jù, ìyẹn ìdí, fi máa ń kọ́kọ́ bó.

Tísà_Sáyẹ́ǹsì

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní bàọ́lọ́jì ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà, ọ̀rọ̀ yìí sì wà lára ohun tí mo fẹ́ràn jù láti kọ́ wọn, nítorí náà ẹ fara dà á tí mo bá gùn díẹ̀.

Ìkarahun ìgbín fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kálísíọ̀mù kábọ́nétì látòkè délẹ̀. Ó lé ní ìdá 95 nínú 100. Ìwọ̀nba tó kù jẹ́ purotéènì, òun ló so ó pọ̀. Lókè pátápátá ni awọ tín-ínrín kan wà, aláwọ̀ ilẹ̀, tó ní ìlà ìlà. Awọ yẹn ló ń dáàbò bo kálísíọ̀mù tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ òjò àti ilẹ̀ kíkan. Ibi tó bá ti ha kúrò, funfun tí Ìyá Ìbejì rí nìyẹn. Awọ òkè yìí kì í hù padà.

Ibi kan ṣoṣo ni ìkarahun ti ń gùn sí i, etí ẹnu rẹ̀ ni. Ara rírọ̀ kan wà níbẹ̀ tó yí ẹnu náà ká, òun ló ń tú kálísíọ̀mù jáde díẹ̀díẹ̀ tó ń tò ó mọ́ etí, bí bíríkìlà ṣe ń gbé bulọ́ọ̀kù lé orí ògiri. Nítorí náà, ìdí ìkarahun ni ibi tó ti dàgbà jù, òun ni ìgbín fi jáde nínú ẹyin. Ẹnu rẹ̀ ni ti àná. Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìgbín ṣe jẹun lẹ́nu àìpẹ́ yìí, etí ẹnu ni kí ẹ wò. Tó bá fẹ́lẹ́ tó ṣeé tẹ̀, kálísíọ̀mù ò tó lásìkò tó ń kọ́ ibẹ̀.

Àwọn èèyàn máa ń pa ìkarahun àti egungun pọ̀ mọ́ ara wọn. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Egungun tiwa àti ti màlúù, kálísíọ̀mù fọ́sífétì ló pọ̀ jù níbẹ̀, ó sì ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Ìdá 99 nínú 100 gbogbo kálísíọ̀mù tó wà lára èèyàn ló wà nínú egungun àti eyín. Èèpo akàn náà tún yàtọ̀: ó ní kálísíọ̀mù kábọ́nétì nínú, ṣùgbọ́n akàn a máa bọ́ ọ sílẹ̀ kó tó lè tóbi, yóò sì kọ́ òmíràn. Ìgbín kì í bọ́ tirẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ìgbín bá ń fà, ìkarahun a tẹ̀lé e. Èyí tí wọ́n bí i mọ́ ni yóò máa fi kún títí ọjọ́ ikú, ó ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ẹ ò gbọdọ̀ fi agbára fà á yọ láti wò ó.

Ọlọ́sìn_Adìẹ

Tísà, ẹ ṣeun gan-an. Ní tèmi, èèpo ẹyin ló rọrùn jù. Gbogbo ilé tó ń dín ẹyin ló ń dà á nù. Nǹkan bí ìdá 94 nínú 100 rẹ̀ ni kálísíọ̀mù kábọ́nétì, ohun kan náà tó wà lára ìkarahun ìgbín. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sè é nínú omi híhó kí kòkòrò àrùn inú ẹyin lè kú, ẹ sá a gbẹ dáadáa, kí ẹ wá gún un tàbí kí ẹ lọ̀ ọ́ kúnná bí èlùbọ́. Ẹ má fi iyọ̀ sí omi tí ẹ fi sè é.

Kò sì sí ìdí láti sun ún nínú iná. Mo ti rí ibi tí wọ́n ń sọ pé kí èèyàn jó o di eérú. Tí iná bá mú òkúta tàbí èèpo kálísíọ̀mù gidi gan-an, yóò yí padà di ohun tó ń jóni lára, èyí tó máa ń gbóná tí wọ́n bá bu omi sí i. Ibi ìkọ́lé ni ìyẹn wúlò fún. Tó bá kan ara ìgbín, yóò bó o.

Adìẹ tí mo ń sìn ló jẹ́ kí n máa bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ kálísíọ̀mù. Ẹyin kan, nǹkan bí wákàtí 20 ni adìẹ fi ń mọ èèpo rẹ̀, òru ló sì ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Gíráàmù kálísíọ̀mù bíi 2 ló ń bá èèpo ẹyin kan lọ. Tí oúnjẹ ò bá tó, egungun ara rẹ̀ ni yóò ti yọ ọ́, ìgbà tó bá yá ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní gbé e mọ́. Nígbà ooru náà, èèpo ẹyin máa ń fẹ́lẹ́ bí oúnjẹ tilẹ̀ pé, nítorí pé adìẹ ń mí hẹlẹhẹlẹ, kábọ́nì dáyọ́sáídì tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nílò láti fi mọ èèpo sì ń bá èémí lọ. Ẹni tó bá ń sin adìẹ, kó fún wọn ní ìkarahun òkun tó rí wóró wóró ní ìrọ̀lẹ́, yóò wà nínú iwe wọn títí di òru tí wọ́n nílò rẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Òde

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ṣé mo kàn lè máa fún ìgbín ní oúnjẹ lẹ́yà, ti adìẹ tó ń yé, nígbà náà? Ó wà ní ìtòsí mi, wọ́n sì ní kálísíọ̀mù wà nínú rẹ̀.

Ọlọ́sìn_Adìẹ

Kálísíọ̀mù inú rẹ̀ tó bíi ìdá 3.5 sí 4 nínú 100 lóòótọ́, ó ju ti oúnjẹ adìẹ tí kò tíì yé lọ dáadáa. Àwọn kan ń lò ó fún ìgbín. Èmi ò lò ó nítorí iyọ̀ tí wọ́n ń fi sí i. Díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ díẹ̀ fún adìẹ lè pọ̀ fún ìgbín. (Ẹ̀yin tí ẹ ní òròmọdìẹ, ẹ má fún wọn ní ti lẹ́yà o, kálísíọ̀mù tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ a máa ba kíndìnrín ọmọ adìẹ jẹ́.)

Àgbẹ̀_Ọ̀ṣun

Níbí ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi Ọlọ́sìn ò ti ní fẹnu kò. Mo mọ àwọn tó ní kí wọ́n bá àwọn po oúnjẹ láìfi iyọ̀ sí i, níbi tí wọ́n ti ń lọ oúnjẹ adìẹ, ìgbín wọn sì ń ṣe dáadáa. Ẹni tí ìgbín rẹ̀ pọ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Fún Ìyá Ìbejì tó ń sìn ín sínú àpótí, ewé àti èèpo ẹyin tó.

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fi ti etí ọ̀sà kún un. Ìkarahun ìṣáwùrú pọ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gbé e fúnni. Kálísíọ̀mù kábọ́nétì ni òun náà. Ṣùgbọ́n omi tí wọ́n ti kó o lè ní iyọ̀, nítorí náà ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù, kí ẹ sì máa pààrọ̀ omi náà títí kò fi ní dùn mọ́ yín lẹ́nu bí iyọ̀ mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn kí ẹ sá a. Ó le ju èèpo ẹyin lọ, kò ṣeé fi ẹ̀rọ ata lọ̀, odó irin ni kí ẹ fi gún un. Ìkarahun àwọn ìgbín tí ẹ ti jẹ náà ṣeé lò bákan náà, bí ẹ bá ti sè é. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i tí wọ́n dà á sórí ààtàn.

Ọmọ_Ọ̀yọ́_ní_Miami

Mo ka ibi tí aládùúgbò ti ní kí wọ́n ra ẹfun, mo sì fẹ́ sọ nǹkan kan. Ẹfun tí à ń rà nílé, amọ̀ funfun tí wọ́n wà nílẹ̀ ni. Kò ní kálísíọ̀mù tó lè ran ìgbín lọ́wọ́, álúmíníọ̀mù àti sílíkà ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n níbí tí mo wà, àwọn olórìṣà tó wá láti Kúbà ń pe nǹkan mìíràn ní ẹfun. Cascarilla ni orúkọ rẹ̀ ní èdè Sípéènì. Èèpo ẹyin ni wọ́n fi ń ṣe é: wọ́n á gbẹ ẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á fi omi pò ó, wọ́n á wá dà á sínú ife kékeré kó lè dì. Ìyẹn jẹ́ kálísíọ̀mù gidi. Lójú, àwọn méjèèjì jọra: funfun, ẹlẹ́bú, ó ń kùn mọ́ni lọ́wọ́. Nítorí náà, kí èèyàn má kàn gbọ́ pé ẹfun ni kó gbé e fún ìgbín.

Tísà_Sáyẹ́ǹsì

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi púpọ̀, ó sì mú mi dé ibi tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí dúró sí díẹ̀. Nǹkan funfun ẹlẹ́bú pọ̀ lọ́jà. Ẹ lè fi ọsàn wẹ́wẹ́ dán wọn wò nílé.

Ẹ bu díẹ̀ sínú àwo, ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà sí i. Tó bá jẹ́ kálísíọ̀mù kábọ́nétì, yóò hó, ẹ ó rí èéfóòfó kéékèèké. Kíkan ọsàn ló ń lé kábọ́nì dáyọ́sáídì jáde nínú rẹ̀. Tí kò bá hó rárá, kì í ṣe ohun tí ìgbín fi ń kọ́ ìkarahun. Ẹ ṣe é fún èèpo ẹyin tẹ́ ẹ lọ̀ kúnná kí ẹ lè mọ bó ṣe yẹ kó rí, kí ẹ tó ṣe é fún àwọn yòókù.

Ìyá_Ìbejì_Òde

Mo ti ṣe é, Tísà. Àwọn ọmọ bá mi to gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì. Èèpo ẹyin hó dáadáa. Ìkarahun ìgbín tí mo gún náà hó. Ẹfun ọjà ò ṣe nǹkan kan. Ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń kọ̀wé ò hó, ẹlẹ́bú tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n ṣe POP sí àjà wa ò hó. Ṣùgbọ́n káún hó ju gbogbo wọn lọ! Ẹ ṣàlàyé ìyẹn fún mi.

Tísà_Sáyẹ́ǹsì

Ẹ kú iṣẹ́, ìyá. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀kì òde òní àti POP, kálísíọ̀mù wà nínú wọn, ṣùgbọ́n sọ́fétì ni, kì í ṣe kábọ́nétì. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi hó. Ẹ má fún ìgbín.

Káún hó nítorí pé kábọ́nétì ni òun náà, ti sódíọ̀mù ni. Nítorí náà, ẹ tún fi omi lásán dán an wò. Ẹ bu káún sínú omi kí ẹ rò ó, yóò yọ́ tán pátápátá tàbí kó kù díẹ̀ ìdọ̀tí nísàlẹ̀. Ẹ bu èèpo ẹyin sí omi kí ẹ rò ó, yóò padà rì sísàlẹ̀. Èyí tó bá hó nínú ọsàn tí kò sì yọ́ nínú omi, òun ni kí ẹ máa fún wọn.

Àgbẹ̀_Ọ̀ṣun

Ẹni tí èèpo ẹyin ò bá tó fún, kó béèrè fún limestone lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta èlò oúnjẹ adìẹ. Òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì ni, wọ́n ti lọ̀ ọ́. Ẹ dán òun náà wò kí ẹ tó rà á. Tí ẹ bá fẹ́ tún ilẹ̀ àpótí ṣe, òun ni kí ẹ po mọ́ ilẹ̀. Ẹ má lo eérú ìdáná. Eérú ń dín kíkan ilẹ̀ kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní èròjà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú, ó ń ta ìgbín lára. Ẹ wo bó ṣe máa ń sá fún un.

Tísà_Sáyẹ́ǹsì

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún ọ̀rọ̀ limestone, nítorí pé ó máa ń yà mí lẹ́nu nígbà gbogbo. Òkúta Ewékorò, ní ìpínlẹ̀ Ògùn níbí, ìsàlẹ̀ òkun ló ti dì. Ó lé ní mílíọ̀nù 55 ọdún sẹ́yìn tí omi òkun bo ibẹ̀. Àwọn ẹ̀dá inú omi tó ní ìkarahun, ńlá àti èyí tí ojú lásán ò lè rí, ń kú, ìkarahun wọn ń jókòó lé ara wọn títí ó fi di òkúta. Ẹni tó bá wò ó fínnífínní yóò ṣì rí àpẹẹrẹ ìkarahun nínú rẹ̀. Ìkarahun àwọn ẹ̀dá yẹn ni ẹ ń bù fún ìgbín tiyín.

Ìyá_Ìbejì_Òde

Ọlọ́run tóbi. Ìbéèrè méjì ló kù mí kù. Àwọn tí ẹnu wọn ti ṣẹ́, ṣé yóò jinná? Àwọn kan sì ti yé ẹyin sínú ilẹ̀, ṣé kí n kó ẹyin náà kúrò?

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́

Etí ẹnu tó ṣẹ́ yóò hù padà bí kálísíọ̀mù bá ti dé, àpá ibẹ̀ á sì hàn. Tí ihò bá wà láàárín ìkarahun, inú ni ìgbín yóò ti dí i. Àtúnṣe náà máa ń funfun, kì í ní àwọ̀ ìyókù. Ẹ ya irú wọn sọ́tọ̀ síbi ọ̀rinrin, kí àwọn yòókù má baà máa ha ibẹ̀. Èyí tí ìdí rẹ̀ ti bó kò ní padà sí bó ṣe wà, ẹ tà á fún jíjẹ, ẹran rẹ̀ kò ní àbùkù kankan.

Àgbẹ̀_Ọ̀ṣun

Ní ti ẹyin: ẹyin ìgbín ńlá wa, Archachatina marginata, ní èèpo líle bíi ti ẹyẹ, kálísíọ̀mù ni. Nítorí náà, ìyá tó ń yé ń ná kálísíọ̀mù lọ́nà méjì, ti ìkarahun rẹ̀ àti ti ẹyin. Àwọn tó ń yé ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé àwo èèpo ẹyin sí níwájú.

Ẹ lè fi ṣíbí kó ẹyin náà lọ sínú ilẹ̀ ọ̀rinrin mìíràn, ẹ bò ó díẹ̀, ẹ má jẹ́ kí oòrùn rí i. Ó máa ń tó oṣù kan tàbí kó lé díẹ̀ kó tó pa. Tó bá pa, ẹ má tètè ṣa èèpo rẹ̀ dànù. Oúnjẹ àkọ́kọ́ ọmọ ìgbín ni, ó máa ń jẹ èèpo tó ti jáde, ibẹ̀ ló sì ti ń rí kálísíọ̀mù tó fi ń mú ìkarahun rẹ̀ le. Tí wọ́n bá ti gòkè wá sójú ilẹ̀, ẹ fún wọn ní ewé ìbẹ́pẹ tó rọ̀ àti èèpo ẹyin adìẹ tó kúnná jù lọ, nínú ìdérí ìgò, torí àwo tí etí rẹ̀ ga, wọn ò ní lè gùn ún. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ tó bá ti tutù tó sì dì.